Epo Tí Àtùpà Kọ̀

Èéfín dúdú ló kọ́kọ́ jáde. Velbai tan àtùpà nínú ọkọ̀ rẹ̀, níwájú àwòrán Dariyalal, òrìṣà òkun, bí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ìlú èbúté Mandvi ti máa ń ṣe kí ọkọ̀ tó ṣí. Epo tuntun tí ọkọ̀ náà máa lò gan-an ló fi agolo bù sí i, kí òrìṣà lè kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Kó tó parí àdúrà, ojú òrìṣà ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Hasmukh! Epo ẹ̀pà wo ló ń ṣe báyìí?"

Hasmukh ló ta epo náà fún un. Ó ní epo tí àwọn alákàrà ti fi dín nǹkan ni, òun sẹ́ ẹ mọ́, kí èéfín ọkọ̀ má baà máa mú ayé gbóná mọ́. Lókè òkun tí wọ́n ń lọ, irú epo yìí nìkan ni wọ́n ń gbà, wọ́n sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá parọ́, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ yìí sì ni gbogbo ogún tí ọkọ Velbai fi sílẹ̀ fún un.

"Òwú yẹn ni kò dáa, Ìyá," ni Hasmukh wí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wá ọ̀nà.

"Òwú tí mo fọwọ́ ara mi ran?"

Hasmukh fò láti inú ọkọ̀ sí etí odò, ẹrẹ̀ gba bàtà rẹ̀ kan. Ó sá wọ inú ọkọ̀ kan tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń kàn lọ́wọ́, ó gba àárín igi rẹ̀ bọ́ sí òdìkejì. Velbai ń lé e, ó ń pariwo olè. Ó ku díẹ̀ kí Hasmukh dé ìdí alùpùpù rẹ̀ ni ọ̀gá ọlọ́pàá Jadeja, tó ń jẹ àkàrà alùbọ́sà lọ́dọ̀ alákàrà etí èbúté, na ẹsẹ̀ kan síta. Hasmukh balẹ̀ gbì.

"Kí lo jí?"

"Mi ò jí nǹkan kan, ọ̀gá. Epo ẹ̀pà ni mo tà."

Velbai ti dé, ó ń mí hẹlẹ, agolo epo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú àkàrà kan, ó rì í bọ inú agolo.

"Epo ẹ̀pà, àbí? Ó yá, jẹ ẹ́."

"Ìyá, inú ń run mí."

"Jẹ ẹ́!" Jadeja jágbe mọ́ ọn.

Òórùn náà nìkan ti mú kí omi dà lójú Hasmukh. "Epo dísù ni! Mo kàn da epo ẹ̀pà díẹ̀ lé e lórí kó lè máa rùn bí àkàrà."

"Ojoojúmọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun," ni Velbai wí. "Epo gidi tí o kó jọ ńkọ́?"

"Ó kù nínú ilé ìkẹ́rù mi. Ìyókù, mo tà á padà fún àwọn alákàrà."

Ẹnu Jadeja dúró lórí àkàrà. "Títí kan eléyìí?"

"Ọ̀gá, oníbàárà mi pàtàkì nìyẹn."

Alákàrà yára fi ọmọrí bo àgbada. Jadeja tu tó wà lẹ́nu rẹ̀ dànù, ó sì fi ìbínú ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ Hasmukh lọ́wọ́.

Wọ́n fa dísù kúrò nínú ọkọ̀, wọ́n rọ epo gidi sí i. Velbai fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú òrìṣà, ó tún àtùpà tàn. Iná náà mọ́ rekete. Ẹ̀rín àti ẹkún bá a lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ló wí. "Ojú yín ló dúdú kí tèmi má baà dúdú."