Lọ Síbi Tí Ìkùukùu Wà

Ọjọ́ tí Màlíkà wá bá àwọn ọmọ ilé ìwé girama kan sọ̀rọ̀ ní Ìfọ́n ni Bàdírù kọ́kọ́ fojú kàn án. Tíṣà jọ́gíráfì ni Bàdírù, ọmọ Ìfọ́n gan-an ni. Màlíkà ní tirẹ̀, ọmọ Ìlobù ni. Ìlú méjèèjì ò jìnnà síra rárá. Ẹni tó bá gun ọ̀kadà láti ọ̀kan, kó tó jókòó dáadáa, ó ti dé èkejì.

Ọ̀gá ilé ìwé ló ránṣẹ́ pe Màlíkà, nítorí ìròyìn ti tàn pé ọmọ Alhaji Yẹ̀kínì, àgbẹ̀ oníṣu, ti ń wa hẹlikópítà. Àwọn ọmọ ń wò ó bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè.

"Àǹtí, tí ẹ bá ń fò lọ, tí ẹ já sínú ìkùukùu, báwo lẹ ṣe máa ń ríran?"

Màlíkà rẹ́rìn-ín. "Èmi ò tíì lè wọ inú ìkùukùu o. Òfin ò gbà mí láyè. Ìwé àṣẹ tí mo ní báyìí, ti ẹni tó ń fojú ríta fò ni. Ìwé àṣẹ kejì wà tí à ń pè ní IR. Ẹni tó bá ní i, ó lè wọ inú ìkùukùu, kó má rí nǹkan kan níta, kó máa wo àwọn aago inú ọkọ̀ tó ń sọ bó ṣe ga tó àti ibi tó dorí kọ, títí tó fi máa balẹ̀. Mo ṣì fẹ́ lọ kọ́ ọ ni."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Pílọ́ọ̀tì tí kò lè wọ ìkùukùu! Bàdírù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń rò ó pé ì bá rọrùn fún obìnrin yìí láti parọ́ fáwọn ọmọdé, kò sì sẹ́ni tí ì bá mọ̀.

Nígbà tó sìn ín dé géètì, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òtítọ́ fún wọn. Àwọn àlejò wa kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣé wọ́n máa gbàgbé báyìí?"

"Àwọn lè gbàgbé. Èmi ò ní gbàgbé ojú yín."

"Háà! Tíṣà!" Màlíkà fi ìborùn bojú, ṣùgbọ́n kò bínú. Kó tó gun ọ̀kadà, ó ti fún un ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

Bí ìfẹ́ ṣe wọ̀ wọ́n lára nìyẹn. Bàdírù kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Bó bá fẹ́ sọ pé àárò Màlíkà ń sọ òun, á ya fọ́tò ojú ọ̀run lórí ilé ìwé wọn, á fi ránṣẹ́, á ní, "Wo ohun tó wà lókè lónìí, olólùfẹ́ mi. Ṣé o lè fò ó?" Màlíkà á rẹ́rìn-ín, á dá a lóhùn pé, "Bí ìwọ bá wà lódìkejì rẹ̀, màá fò ó."

Ṣùgbọ́n ìjà ilẹ̀ wà láàárín ìlú méjèèjì. Ó ti pẹ́ tó ti wà. Á rọlẹ̀, á tún ru. Oko ẹ̀gbọ́n Alhaji Yẹ̀kínì ti bá ọ̀kan nínú ìjà bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì tán nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Màlíkà kúnlẹ̀ dárúkọ Bàdírù, bàbá rẹ̀ gbá apá àga.

"Màlíkà, ọkùnrin ò tán ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kò sẹ́ni tó máa ti Ìfọ́n wá fẹ́ ọmọ mi. Mo ti sọ ọ́ tán."

Bàbá àti ìyá Bàdírù kò le tó bẹ́ẹ̀. "Mi ò ní ọmọ náà burú o," ni ìyá rẹ̀ wí fún un. "Àmọ́ ṣé o ò lè rí ẹlòmíì ni, kí ọkàn wa lè balẹ̀?"

Nítorí náà, wọn ò pàdé ní Ìlobù, wọn ò sì pàdé ní Ìfọ́n. Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni wọ́n ń lọ, níbi tí ẹ̀gbọ́n Bàdírù obìnrin, Tọ̀yìbátù, ti ń ránṣọ. Tọ̀yìbátù á gbé bẹ́ǹṣì fún wọn sábẹ́ àtíbàbà iwájú ṣọ́ọ̀bù, á sì yíjú sí máṣíìnì rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni Màlíkà ti gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ náà kalẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ń gbé òṣìṣẹ́ lọ síbi epo rọ̀bì lórí òkun ti ṣèlérí pé àwọn máa gbà á síṣẹ́ tó bá ti gba IR, àwọn á sì rán an lọ síbi tó bá yàn.

"Ibi mẹ́ta ló wà," ló sọ. "Ibi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ lókè Ọya, hẹlikópítà kan ṣoṣo tó ní àwọn aago náà ti bàjẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa tún un ṣe. Ìkejì wà ní Amẹ́ríkà, níbi aṣálẹ̀ tí oòrùn ti ń ràn lójoojúmọ́. Ìyẹn yá. Wọ́n á dé nǹkan bíi fìlà sí ẹ lójú kí o má bàa rí ìta, wàá máa wo aago. Kó o tó mọ̀, o ti ṣe tán. Ìkẹta wà ní ìlú òyìnbó tó tutù. Ìwé rẹ̀ pọ̀, ó sì pẹ́. Inú ìkùukùu gidi ni wọ́n ti ń kọ́ èèyàn."

"Èwo lo fẹ́?"

"Ti aṣálẹ̀. Mo fẹ́ tètè dé, ká jọ lọ bẹ Bàbá. Tí mo bá pẹ́ jù, wọ́n á ti wá ẹlòmíì fún mi."

Inú Bàdírù dùn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Lọ, kí o tètè bọ̀. Èmi náà ò fẹ́ kí o pẹ́."

Kò tíì lọ tí ọ̀fọ̀ fi ṣẹ̀. Ọládiípọ̀, tí òun àti Màlíkà jọ kẹ́kọ̀ọ́, ti lọ síbi oòrùn yẹn ṣáájú, ó sì ti rí iṣẹ́. Nígbà òjò, ọkọ̀ rẹ̀ wọ inú ìkùukùu lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè kan, kò sì jáde. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni kò tó. Ìjì ọjọ́ yẹn lágbára. Ṣùgbọ́n Màlíkà rántí pé Ọládiípọ̀ ti sọ rí pé ọjọ́ tí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí inú ìkùukùu.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Ẹ̀rìn, ojú rẹ̀ wú.

"Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkùukùu gan-an?" ni Bàdírù bi í.

"Ara ẹni ló máa ń parọ́ fúnni. Wàá rò pé o ń lọ tààrà, bẹ́ẹ̀ o ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo ara rẹ á máa pariwo pé kí o yà sọ́tùn-ún. Aago á ní rárá. Ẹni tí kò bá tíì bá irọ́ yẹn pàdé rí, ó lè gbà á gbọ́."

Bàdírù sún mọ́ ọn. Máṣíìnì Tọ̀yìbátù dúró.

"Màlíkà, má lọ síbi oòrùn mọ́. Lọ síbi tí ìkùukùu wà."

"Ó máa pẹ́, Bàdírù."

"Kó pẹ́."

"Bàbá mi ńkọ́? Tí wọ́n bá fi mí fún ẹlòmíì lẹ́yìn mi ńkọ́?"

"Wọn ò lè fi òkú fún ẹnikẹ́ni," ni Bàdírù wí. "Mo fẹ́ ọ fún ara mi, Ọlọ́run mọ̀. Àmọ́ kí o wà láàyè ni mo kọ́kọ́ fẹ́."

Màlíkà gbé orí lé èjìká rẹ̀, ó sunkún títí ara rẹ̀ fi rọ̀. Bó ṣe lọ sí ìlú òtútù nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ náà le. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ìkùukùu á bò wọ́n látìgbà tí wọ́n bá ti gbéra, tí èébì á máa gbé e, tí olùkọ́ á máa tẹnu mọ́ ọn pé, "Aago ni kó o gbà gbọ́." Bó bá ti balẹ̀, Bàdírù ló máa ń pè.

"O jẹun?"

"Mo jẹ búrẹ́dì."

"Búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ, aya mi ọ̀la. Wá nǹkan gbígbóná jẹ."

Nígbà tí ìdánwò ìkẹyìn ń sún mọ́lé, ìjà tún bẹ́ nílé. Màlíkà rí i lórí fóònù, ó sì pe Bàdírù lójú ẹsẹ̀.

"A ti kúrò ní Ìfọ́n," ni Bàdírù wí. "Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi la wà ní Ìwó. Má dààmú. Bàbá rẹ náà wà láàyè, mo ti ní kí wọ́n bá mi béèrè. Gbájú mọ́ ìdánwò rẹ."

Ó tún fi í ṣẹ̀fẹ̀ díẹ̀ nípa òtútù. Màlíkà rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lọ́jọ́ ìdánwò, ìkùukùu bolẹ̀ débi pé kò rí pápá ọkọ̀ òfuurufú àfìgbà tó kù díẹ̀ kó balẹ̀. Ó yege. Bàdírù ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó ké "Alhamdulillah!" lórí fóònù léraléra, títí ohùn rẹ̀ fi há.

Màlíkà padà sílé. Alhaji Yẹ̀kínì ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun sí i. Ó ní kí ọmọ òun jókòó.

"Nígbà tí o ò sí nílé, mo sin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi gbé jó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Mo ti sin òkú tó pọ̀ jù nítorí ilẹ̀. Ọmọ Ìfọ́n yẹn, ṣé ó ṣì fẹ́ ọ?"

"Ó fẹ́ mi, Bàbá."

"Sọ fún un kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Bóyá ọmọ tí ẹ bá bí á lè rìn láti ìlú kan dé èkejì láìwẹ̀yìn."

Màlíkà dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nítorí ayọ̀. Ó pe Bàdírù pé kó pàdé òun, ọkọ̀ Ẹ̀rìn ló sì wọ̀ tààrà.

Bàdírù ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó dìde, ó dì mọ́ ọn, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Màlíkà ò ní sùúrù. Ó sọ gbogbo ohun tí bàbá rẹ̀ wí. Ó ń dúró kí ojú Bàdírù tàn. Kò tàn.

"Bàbá mi kú, Màlíkà."

"Bàbá ta ni?"

"Tèmi. Wọ́n sun ilé wa. A ò mọ ẹni tó sun ún. Bàbá padà wọlé lọ gbé ìyá wọn tó ti darúgbó jáde, òrùlé sì wó. A ò rí wọn gbé."

Màlíkà di orí mú. "Ìgbà wo?"

"Ṣáájú ìdánwò rẹ."

"O sì ń bá mi ṣẹ̀fẹ̀ lórí fóònù!"

"Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ ọ́ fún ọ, kí o wá gbé e wọ inú ìkùukùu?" Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá mi ò ṣépè fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn bi mí léèrè ni. Ó ní, 'Bàdírù, tí ọmọ náà bá ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀, ojú wo ni kí n fi máa wò ó?' Mi ò lè mú ọ lọ bá a mọ́."

"Èmi kọ́ ni mo dáná sun ún."

"Mo mọ̀. Ọlọ́run mọ̀ pé mo mọ̀. Àmọ́ nígbà míì tí mo bá gbọ́ orúkọ ìlú yín, inú mi á ru, màá sì máa wá ẹni tí màá lù. Ẹ̀rù ara mi ń bà mí. Mi ò fẹ́ kí ó di ọjọ́ kan kí n wò ọ́ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n sunkún. Tọ̀yìbátù jáde, ó wò wọ́n, ó tún wọlé.

"Ká ní ibi oòrùn ni mo lọ," ni Màlíkà wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀, "ǹ bá ti dé tipẹ́. À bá ti so yìgì. Ǹ bá ti di ìyàwó ilé yín kí iná tó jó."

"Mo ti rò ó. Mo ń rò ó lójoojúmọ́."

"O ò kábàámọ̀?"

Bàdírù fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀ fún un. "Mo kábàámọ̀ gbogbo nǹkan. Ìyẹn nìkan ni mi ò kábàámọ̀."

Ó sìn ín dé ibùdókọ̀. Kò dúró kí ọkọ̀ gbéra, nítorí kò lè dúró.

Nílé, Alhaji Yẹ̀kínì ti wọ agbádá, ó jókòó sí gbàgede. Ó ti ránṣẹ́ sí lèmọ́ọ̀mù àdúgbò pé àlejò ń bọ̀ láti Ìfọ́n.

"Ìgbà wo ni wọ́n ní àwọn ń bọ̀?"

"Wọn ò wá mọ́, Bàbá." Màlíkà kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Nígbà tó dé ibi òrùlé tó wó, bàbá rẹ̀ ṣí fìlà lórí. Ó gbé e sórí eékún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, lójú gbogbo ilé, fún ọkùnrin Ìfọ́n kan tí wọn ò jọ jókòó rí.