Ihò Tí Kì Í Kún Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àtẹ̀gùn

Láràárọ̀, kí ìyá aránṣọ kan tó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, á kọ́kọ́ gbá yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Iwájú ilé ni yàrá náà wà, àtẹ̀gùn kọnkéré mẹ́rin ni àwọn oníbàárà sì ń gùn débẹ̀. Ihò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn yìí. Inú rẹ̀ ni ó máa ń ti àgékù aṣọ sí, kó má baà rìn dé ààtàn.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ ihò náà ṣàdédé yà á lẹ́nu.

“Bàbá wọn,” ó pe ọkọ rẹ̀, “gbogbo aṣọ tí mò ń kó síbí, níbo ni wọ́n ń lọ?”

Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, kò gbójú kúrò lára rédíò tó ń tún ṣe. “Aláǹgbá ló ń fi wọ́n dáṣọ.”

“Mi ò bá yín ṣàwàdà. Ọdún mẹ́ta rèé. Kànga gan-an ì bá ti kún.”

Ó ti igi tó fi ń wọn aṣọ bọ ihò náà, igi wọlé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó wá fi igi náà kan àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkínní àti ìkejì dún kọ́, kọ́. Ìkẹta dún gbù, gbù, bíi garawa òfìfo.

Ọkọ gbé rédíò sílẹ̀. “Kò le. Màá kó òkúta sí i, màá fi sìmẹ́ǹtì dí ẹnu ẹ̀. Ó parí.”

“Ẹ ò tíì mọ ohun tó wà níbẹ̀, ẹ ti fẹ́ dí i. Ògiri tó sán lókè ibẹ̀ ńkọ́? Bí yàrá yìí bá wó, níbo ni mo ti fẹ́ máa ránṣọ?” Ẹ̀rù ń bà á gan-an, nítorí kò ní ibòmíràn.

Wọ́n ránṣẹ́ pe bíríkìlà àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́-n-wò-ó, torí kì í dáhùn ìbéèrè kankan kó tó sọ bẹ́ẹ̀.

“Ẹ jẹ́ n wò ó ná,” ó wí. Ó wo páànù òkè, ó wo ibi tí omi rẹ̀ ń bọ́ sí, ó wá kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa aṣọ jáde. Aṣọ náà dúdú, omi ń kán lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin.

“Ta ló kó èyí síbí?”

Ọkọ wo ìyàwó. Ìyàwó wo ilẹ̀.

“Èmi ni, Bàbá.” Ojú tì í. “Mo rò pé mò ń bá wa dí i ni.”

“Ẹ ò mọ̀ ni, ọmọ mi. Omi orí páànù ló ń fọ erùpẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Abẹ́ àtẹ̀gùn yín ti ṣófo. Aṣọ yìí wá ń mu omi, ó ń gbé e ti ìpìlẹ̀. Bí ilẹ̀ abẹ́ ìpìlẹ̀ bá rọ̀, ìpìlẹ̀ á rì, ògiri á sán. Ihò tí kì í kún, ilé ló ń jẹ.”

“Bí a bá kàn dí ẹnu ẹ̀ ńkọ́?” ọkọ bi í.

“Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ olè sínú ilé nìyẹn.”

Wọ́n kó gbogbo aṣọ náà jáde. Wọ́n fi páìpù darí omi páànù jìnnà sí ilé. Lẹ́yìn náà ni bíríkìlà dí ẹnu ihò ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn kí sìmẹ́ǹtì má baà gbabẹ̀ jáde, ó dá ihò méjì sí orí àtẹ̀gùn kẹta, ó po sìmẹ́ǹtì mọ́ iyanrìn kó ṣàn dáadáa, ó ń fi àrọ dà á sí ọ̀kan títí ó fi yọ lójú èkejì.

“Nígbà tó yọ yìí, kò sí àlàfo mọ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ méje.”

Ẹ̀yìnkùlé làwọn oníbàárà ń gbà wọlé lọ́sẹ̀ náà. Ọkọ ń ráhùn pé gbogbo àdúgbò ti mọ ohun tó wà nínú ìkòkò òun.

Kó tó lọ, bíríkìlà fi pẹ́ńsù fàlà sí ibi tí sísán ògiri dé, ó kọ déètì sí i. “Bó bá kọjá ibí, ẹ pè mí kíá.” Gbogbo ìgbà tí òjò bá dá, ìyá aránṣọ á lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Òjò ọdún méjì ti rọ̀ lé e lórí, kò kọjá ibẹ̀. Yàrá náà ló ṣì ti ń ránṣọ.

Ẹ̀yin onílé àti ayálégbé, bí àtẹ̀gùn yín bá ń dún gbù, tàbí tí ihò bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má fi àkísà tàbí pàǹtí dí i, ẹ má sì kàn rẹ́ ẹnu rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ń gbà wọlé, kẹ́ ẹ darí rẹ̀, kẹ́ ẹ tó pe ẹni tó mọṣẹ́ láti dí abẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá ti rì tàbí tó ti yà kúrò lára ògiri, ẹ má gùn ún mọ́ rárá. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ jáde lọ kan tiyín wò lónìí, kí òjò mìíràn tó dé.