Ọmọ Aránṣọ Tẹ Ẹẹ́ta

"Tó bá jẹ́ ti ìbí, ẹ tẹ oókan. Tó bá jẹ́ ti ìgbéyàwó, ẹ tẹ eéjì. Tó bá jẹ́ ti ikú, ẹ tẹ ẹẹ́ta."

Ọmọ aránṣọ tẹ oókan, ó gbé fóònù kalẹ̀ sórí tábìlì tí ìyá rẹ̀ fi ń gé aṣọ. Orin bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kẹfà rèé láàárọ̀ yẹn tó pe ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ ìbí àti ikú sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ṣùgbọ́n ìwé ìjọba ní ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Ó wá di ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí i. Bí kò bá tún un ṣe kí ọjọ́ Ẹtì tó parí, kò ní lè kọ orúkọ fún ìdánwò àṣekágbá.

"Ta lo ń dúró dè gan-an?" ìyá rẹ̀ bi í nídìí máṣíìnì.

"Ẹ̀rọ ni, Màámi."

"Kí i dáadáa. Bóyá ìkíni ló ń retí."

Nígbà tí ìyá jáde lọ ra òwú, ọ̀rẹ́ ọmọ náà tó wá kí i, tí wọ́n ń pè ní Gbọ́yìí-sọ̀yẹn, rẹ́rìn-ín. "Tẹ ẹẹ́ta jàre. Wọn kì í dá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ dúró. Tí èèyàn bá ti gbé e, kí o wá sọ tìrẹ."

Ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Síbẹ̀, ó wù ú láti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó já ìpè náà, ó tún un pè, ó tẹ ẹẹ́ta. Kò sí orin rárá. Ohùn kan tó rọ̀ bí òwú ní kó tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹni tó kú. Ó tẹ tirẹ̀, torí kò mọ ti ẹlòmíràn.

"A bá yín kẹ́dùn," ni ohùn náà wí. Ìpè sì já.

Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ tó ń kọ orúkọ wo kọ̀ǹpútà, ó wo ọmọ náà, ó tún wo kọ̀ǹpútà. "Wọ́n ní o kú lánàá."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kó ìwé rẹ̀, ó gbalé lọ. Ó délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, kò fi epo bọyọ̀.

"Ẹni tó pa ara rẹ̀ ni yóò jí ara rẹ̀," ìyá wí. "Lọ́la, a jọ ń lọ."

Wákàtí méjì ni wọ́n lò nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó dé ọ́fíìsì náà.

"Ta ló kú?" akọ̀wé àgbà kan bi wọ́n.

"Èmi ni, mà." Ó jẹ́wọ́ tán.

Akọ̀wé náà yẹ ìwé tí wọ́n ń kọ ìpè sí wò. "Ọmọ mi, ẹ̀rọ nìkan ló wà lórí ẹẹ́ta. Èmi ni mo ń gbé oókan. Ìgbà tí o já a, ẹni méjì péré ló ṣáájú rẹ."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n tó tún ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì dá a padà sáàárín alààyè. Orúkọ rẹ̀ ló wọlé kẹ́yìn. Ilé-ìwé tó sún mọ́lé tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò ti kún, ni wọ́n bá fi í sí òmíràn lẹ́yìn ìlú. Jálẹ̀ ìdánwò náà, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń jẹun àárọ̀, òun ti wà lójú títì. Ibẹ̀ ló ti yé e yékéyéké pé ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àti pé ọ̀nà àbùjá tí a bá fi irọ́ là, òun ló ń jìn jù.