Bíńtín àti Ọkọ̀ Onímú Gígùn

Ní àárọ̀ Sátidé, Bíńtín jí, ó sì fajú ro.

Bíńtín kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Òun ló kéré jù nílé, ìyẹn ni gbogbo wọn ṣe ń pè é ní Bíńtín.

Kí ló dé tó fajú ro? Owú ni. Ó ń jowú Ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Awakọ̀ ni Màmá wọn. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó yanrìn ni Màmá ń wà.

Ọkọ̀ náà ti gbó. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí. Imú rẹ̀ ga, ó sì gùn gbọọrọ. Imú Gígùn ni wọ́n ń pè é.

Gíláàsì iwájú Imú Gígùn kò fẹ̀. Òpó irin méjì ló dì í mú, wọ́n nípọn bí apá Bàbá. Bí Màmá bá jókòó sídìí ọkọ̀, á na ọrùn síbí. Á na ọrùn sọ́hùn-ún.

Ìdí nìyẹn tí Ẹ̀gbọ́n fi máa ń bá a lọ ní Sátidé. Ẹ̀gbọ́n ga. Á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á máa wo ìta.

"Ọ̀tún ńkọ́?" ni Màmá á bi í.

"Kò séèyàn, Màmá! Ẹ máa lọ!"

Gbùrúúú! Gbùrúúú! Imú Gígùn á gbéra.

"Ojú ọ̀tún mi nìyí o," ni Màmá á wí. Á sì fọwọ́ pa Ẹ̀gbọ́n lórí.

Ojú ọ̀tún! Bí Bíńtín bá ti gbọ́ ọ báyìí, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Gùdù, gùdù, gùdù.

"Èmi náà lójú," ni Bíńtín sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. "Méjì ni!"

Màmá gbé e, ó di orí àga Ẹ̀gbọ́n. "Ó dáa. Kí lo rí?"

Bíńtín wo iwájú. Ojú ọ̀run ló rí. Ó wo ẹ̀gbẹ́. Irin ló rí. Ó na ọrùn, ó na ẹsẹ̀, ó tilẹ̀ na etí.

"Mo rí ẹyẹ kan," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹyẹ kẹ̀? Ṣé ojú ọ̀run la fẹ́ wakọ̀ gbà ni?"

Màmá sọ Bíńtín kalẹ̀. "Wàá dàgbà, ọkọ mi. Lọ jókòó sórí àga ẹ lẹ́nu ọ̀nà. A ti fẹ́ máa lọ."

Bíńtín kò lọ sẹ́nu ọ̀nà o. Gùdù, gùdù, gùdù ni inú rẹ̀ ń hó.

Ó yọ́ lọ síwájú Imú Gígùn. Ó yọ ahọ́n sí Ẹ̀gbọ́n. Béè!

Kò sẹ́ni tó bá a wí.

Ó yínmú. Ó fi ìka fa ẹnu gbooro. Ó fò sókè. Pì! Ó tún fò. Pì!

Kò sẹ́ni tó wò ó.

Ó ń gbọ́ ohùn Màmá. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ń gbádùn ara wọn lókè níbẹ̀.

"Wọn ò tiẹ̀ rí tèmi rò," ni Bíńtín wí. "Ẹ̀gbọ́n nìkan ni wọ́n fẹ́ràn." Omijé já bọ́. Tó. Tó.

Lókè, Màmá nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Ó wo ẹnu ọ̀nà.

Àga Bíńtín wà níbẹ̀. Bíńtín kò sí lórí rẹ̀.

Màmá ká ọwọ́ kò. "Bíńtín dà?"

"Mi ò mọ̀," ni Ẹ̀gbọ́n dáhùn.

Màmá fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Gbì! Ó bẹ́ sílẹ̀. Ó sáré yí imú ọkọ̀ po.

Bíńtín rèé. Ó dúró síwájú ọkọ̀ gan-an, ó ń sunkún.

Màmá gbá a mọ́ra pinpin. Kì-kì-kì ni àyà Màmá ń lù.

"Mo yọ ahọ́n, ẹ ò bá mi wí," ni Bíńtín sọ. "Mo fò, ẹ ò wò mí."

"Mi ò rí ẹ," ni Màmá wí. "Ọmọ mi, mi ò rí ẹ rárá."

Bíńtín gbàgbé ẹkún. "Ẹ ò rí mi? Èmi tí mo wà níwájú yín báyìí?"

"Wá wò ó fúnra ẹ."

Bàbá wọn jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Jórinjórin ni Bàbá. Màmá fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sínú àpò Bàbá, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

Bàbá gbé àga Bíńtín síwájú ọkọ̀. Màmá gbé Bíńtín sí itan lórí àga awakọ̀, ó gbé e ga dáadáa.

"Àga dà?" ni Bíńtín béèrè.

"Ó wà níwájú yín!" ni Bàbá pariwo.

"Mi ò rí i! Orí yín nìkan ni mo rí! Bàbá, ara yín dà?"

Orí Bàbá ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, lórí imú ọkọ̀. Ni Bíńtín bá bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà, ó tún wo iwájú ọkọ̀. Ó ń ronú.

"Màmá, ibo ni ibi tí ẹ ò ti lè rí mi parí sí?"

Màmá wo Bàbá. Bàbá wo Màmá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wọn.

"Bàbá, ẹ fún mi ní ṣọ́ọ̀kì tí ẹ fi ń sàmì sí irin," ni Bíńtín wí.

Ẹ̀gbọ́n sáré bọ́ sílẹ̀. "Èmi ni kí ẹ fún! Èmi ni ojú ọ̀tún!"

Ẹ̀gbọ́n gba ṣọ́ọ̀kì, ó dúró síwájú ọkọ̀.

"Mo rí ẹ," ni Màmá wí.

Ẹ̀gbọ́n sún mọ́ ọkọ̀ díẹ̀. "Mo ṣì ń rí orí ẹ," ni Màmá tún wí.

Bàbá mi orí. "O ti ga jù. Ẹni kékeré la nílò."

"Èmi rèé!" ni Bíńtín ké. "Èmi ni mo kéré jù!" Kò tíì dùn mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ rí láti sọ ọ́.

Bíńtín bọ́ sílẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó dúró síwájú imú ọkọ̀. "Ṣé ẹ rí mi?"

"Rárá!"

Fàà! Ó fa ilà funfun.

Ó rìn sẹ́yìn díẹ̀. "Ṣé ẹ rí mi?"

"Rárá!"

Fàà!

Ó tún rìn sẹ́yìn. "Ṣé ẹ rí mi?"

"Mo rí irun ẹ!"

Ó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí òpó irin ti dí Màmá lójú. "Ṣé ẹ rí mi?"

"Etí kan péré ni mo rí!"

Fàà! Fàà! Fàà!

Ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, ó ká ètè jọ. Kò rẹ́rìn-ín.

Bíńtín wò ó. Ó mọ ohun tó ń hó nínú Ẹ̀gbọ́n. Gùdù, gùdù, gùdù.

Ó wo ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀. Ṣé kó fún un? Àbí kó má fún un? Ó tún wo Ẹ̀gbọ́n.

Kẹ́! Ó ṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì sí méjì.

"Ẹ gbà, Ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ẹ máa lóṣòó o."

Ẹ̀gbọ́n lóṣòó. Ó ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ. Fàà ni ti Bíńtín, fàà ni ti Ẹ̀gbọ́n, títí ilà méjèèjì fi pàdé.

Bàbá wo ibi tí wọ́n fa ilà yí ká. "Họ́wù! Ó mà tóbi o!"

Ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ. Ó mú ọ̀pá irin kan jáde, àti dígí roboto kan tó yọ ikùn síta.

"Ẹ kọ̀yìn síbí, kí iná má bà yín lójú jẹ́."

Wọ́n kọ̀yìn sí i. Ṣáá! Ṣáá! Ṣáá! Nígbà tí wọ́n yí padà, dígí ti dúró sórí imú Imú Gígùn.

"Dígí wà o," ni Màmá wí, "ṣùgbọ́n tí mo bá ti mú kọ́kọ́rọ́, kí ẹnì kankan má ṣe wà nínú ilà yẹn. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, Màmá!"

"Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lápò mi," ni Bàbá wí. "Ẹ jẹ́ ká dán an wò."

Bíńtín jókòó lórí itan Màmá. Ẹ̀gbọ́n lọ lóṣòó sínú ilà. Bíńtín wo orí imú ọkọ̀, kò rí nǹkan kan. Ó wo inú dígí.

Ẹ̀gbọ́n rèé, kékeré báyìí! Kò ju àtàǹpàkò lọ.

"Mo rí yín! Ẹ̀gbọ́n, ẹ kéré jù mí lọ!"

"Irọ́ ni! Jẹ́ kí èmi náà wò ó!"

Bíńtín sún. "Ẹ gòkè wá. Àyè wà."

Màmá, Ẹ̀gbọ́n àti Bíńtín há mọ́ra lórí àga kan. Níta, Bàbá wọ inú ilà, ó ń jó. Nínú dígí, ó rí roboto bí bọ́ọ̀lù.

Bọ́ọ̀lù yí sọ́tùn-ún. Bọ́ọ̀lù yí sósì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé èjìká Bíńtín.