Ẹni Tó Ń Bá Ìbíwùmí Ta Ayò

Ìbíwùmí kò pẹ́ nínú ilé rárá. Fóònù ló dún, ó sáré wọlé lọ gbé e, ẹni tó pè ṣi nọ́ńbà pè ni, ó sì padà síta. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìdí ayò rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ó rí i pé ẹnì kan ti ta. Òun nìkan ló wà nínú àgbàlá. Òun nìkan ló ń gbé ilé náà. Òun fúnra rẹ̀ ló sì ń dá ayò ọ̀hún ta, ọwọ́ ọ̀tún ń bá ọwọ́ òsì ta, bí ẹni tí kò lẹ́nìkan ṣe máa ń ṣe.

Ó ka ọmọ inú ihò kọ̀ọ̀kan. Ìhà kejì ló kàn kó tó wọlé. Wọ́n ti kó ọmọ mẹ́rin inú ihò kẹta, wọ́n sì ti fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ihò tó tẹ̀ lé e, láìṣì. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé adìẹ aládùúgbò ni. Ẹ gbọ́ ná, adìẹ wo ló mọ ayò tó bẹ́ẹ̀? Adìẹ a máa tú nǹkan ká ni, kì í kà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ṣe di ẹni tó ń dá ayò ta ní Banjul. Olùkọ́ ìṣirò ni. Òun àti Oyèwọlé ọkọ rẹ̀ jọ dé ní ọdún 2003. Oyèwọlé ń tún fíríìjì ṣe fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì Kotu, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò fìgbà kan balẹ̀ síbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, ó wọ ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ onígi gígùn tí àwọn apẹja ń lò, èyí tí wọ́n ń kó èèyàn sí lọ sí erékùṣù àwọn ará Sípéènì. Ó ní ọjọ́ mẹ́jọ ni ìrìn náà, pé òun á pè ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ọjọ́ kẹsàn-án pé. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ náà pé. Fóònù kò dún.

Láti ìgbà náà ni àyà Ìbíwùmí ti bẹ̀rẹ̀ sí í já. Kì í ṣe irú èyí tí èèyàn máa ń ní bí ajá bá gbó mọ́ ọn lójijì. Èyí a máa dé láìsí ohun tó pè é: níwájú pátákó ìkọ̀wé, nínú ọjà, lórí ibùsùn. Ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkìkì, èémí á ké, ìka á kú tipiri, á sì dá a lójú pé ikú ti dé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á lọ, á fi í sílẹ̀ pẹ̀lú òógùn àti ìtìjú. Lọ́jọ́ kan ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ogójì ọmọ, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pè é, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, kó máa lọ sinmi ní ilé wọn ní Nàìjíríà. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù jù. Bó bá lọ, ta ni Oyèwọlé yóò bá nílé nígbà tó bá dé?

Ìyá Oyèwọlé a máa pè láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyá àgbà náà ti sunkún títí omijé fi gbẹ. Ó rán aya ọmọ rẹ̀ létí pé àwọn àgbà ló sọ pé ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Ẹni tó kú, ẹ̀ẹ̀kan la ń sin ín, ẹni tó nù, ojoojúmọ́ ni. Inú bí Ìbíwùmí, ó sì pa fóònù mọ́ ọn létí. Lójú tirẹ̀, kò sí ẹni tó kú.

Oumie, nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Latrikunda, ló kọ́kọ́ fún nǹkan náà lórúkọ. Ó yẹ ọkàn rẹ̀ wò, ó ní kò sí àrùn níbẹ̀, ìpayà ni. Ó bi í pé ife àtáyà mélòó ló ń mu lóòjọ́. Ìbíwùmí ní mẹ́fà, nígbà mìíràn mẹ́jọ, nítorí kò fẹ́ kí oorun gbé òun lọ kí fóònù má lọ dún. Oumie rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó bá ń mu tíì tó le tó bẹ́ẹ̀, bí àyà rẹ̀ kò bá já ló yẹ kó wá rí nọ́ọ̀sì. Ó ní kó fi í sílẹ̀, kó máa jẹun àárọ̀, kó máa rìn létí òkun kí oòrùn tó mú, kó máa sùn ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́. Bí ìpayà bá sì dé, kó fa èémí sínú láti oókan dé ẹẹ́rin, kó tú u jáde láti oókan dé ẹẹ́fà.

“Eré ńkọ́?” ni Oumie bi í kẹ́yìn. “Ìgbà wo lo ṣeré mọ? Lọ rántí eré tí o fẹ́ràn ní kékeré, kí o wá ẹni tí ẹ ó jọ máa ṣe é.”

Ayò ni Ìbíwùmí fẹ́ràn ní kékeré. Ẹni tí wọn yóò jọ ta á ni kò sí. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ní Banjul, ìbéèrè kan náà ló wà lẹ́nu wọn, ọkọ rẹ ńkọ́, ó sì ti ń sá fún wọn tipẹ́.

Ilé onípákó ìyá kan, ọmọ ẹ̀yà Aku, tí wọ́n ń pè ní Mama Julia ló ń gbé, ní àdúgbò Box Bar. Ẹsẹ̀ ń dun ìyá náà, ó ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin láti ọdún 2005, kò sì wá mọ́. Lẹ́yìn ilé, lábẹ́ máńgòrò, ihò kéékèèké wà nílẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjì, mẹ́fà-mẹ́fà, ẹsẹ̀ kan dojú kọ èkejì. Ọmọ Yorùbá wo ló máa rí ihò méjìlá bẹ́ẹ̀ tí kò ní sọ pé ayò ni? Ṣebí àwa náà gbẹ́ tiwa sílẹ̀ nígbà tí kò sí ọpọ́n. Ìbíwùmí gbá ewé kúrò nínú wọn. Ó ra èso oṣè lọ́jà, ó fi ṣe ohun mímu dípò àtáyà, ó fọ kóró rẹ̀, ó ka méjìdínláàádọ́ta, ó sì pín wọn mẹ́rin-mẹ́rin. Òjò ọdún 2007 ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró nígbà náà. Ọjọ́ kẹta tó bẹ̀rẹ̀ eré yìí ni ẹnì kan bá a ta.

Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ó ta tirẹ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ kẹ̀yìn sí àwọn ihò náà. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ṣì mọ́lẹ̀ lórí páànù. Ó gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀: tó. Ó dákẹ́ díẹ̀. Tó. Tó. Kóró oṣè ń bọ́ sínú ihò lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń ta ayò. Ìbíwùmí fi ọwọ́ di àyà mú, ó dúró dè é kó já. Àyà náà kò já. Nígbà tó yíjú padà, kò sí ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ti jẹ ihò kan nìhà tirẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá sá dé Kotu láìwọ bàtà. Mi ò ní parọ́ fún yín, èmi ì bá sá. Ṣùgbọ́n àdáwà a máa mú èèyàn ṣílẹ̀kùn fún àlejò tí kò yẹ kó wọlé. Ó jókòó, ó ta tirẹ̀, ó sì tún kẹ̀yìn.

Bó ṣe di ìṣe wọn nìyẹn. Bó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, á wẹ̀, á jẹun, á lọ sábẹ́ máńgòrò. Nítorí pé kò mọ̀ bóyá àgbà ni, “ẹ” ló ń lò fún un. Á ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́, á ní ẹ ti jẹ mí lónìí, òpè ni mo jẹ́ lójú yín. Á sọ ti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, èyí tó ń jí oorun sùn àti èyí tó ń fi ìka ka ìṣirò. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn rí, àfi kóró tó ń bọ́. Láàárọ̀ á rìn létí òkun títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi gbóná. Ó ń sùn. Ìpayà tó ń dé lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀ di ẹ̀ẹ̀kan, nígbà tí ọdún sì yí, kò dé mọ́. Inú Oumie dùn, ó béèrè ẹni tó ń bá a ta ayò. Ìbíwùmí ní ìyá àgbà kan ládùúgbò ni.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yé e. Ihò kan wà ní ìpẹ̀kun ìhà kejì. Kóró tó bá ti ibẹ̀ wá a máa tutù, a sì máa rin. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà yẹn, ilẹ̀ àgbàlá ti gbẹ títí ó fi ń sán, ihò yòókù kò ní ju eruku lọ. Lọ́jọ́ kan ó fi ahọ́n kan ìka rẹ̀. Iyọ̀ ni. Ó rò ó pé òkun yí Banjul ká, kò lè ṣe kí omi iyọ̀ má wà lábẹ́ ilẹ̀. Ó fi aṣọ nu ìka rẹ̀, ó sì bá ayò lọ.

Ní oṣù kejì ọdún 2008, takisí já Mama Julia sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti ìkòkò ẹ̀wà, dòdò àti àkàrà. Ó wá ṣe àwùjọ ìyá rẹ̀. Àwùjọ ni àwọn Aku ń pe oúnjẹ tí wọ́n ń sè fún òkú ilé wọn; láti Freetown ni wọ́n ti gbé e wá, ilẹ̀ wa sì ni àwọn baba ńlá wọn ti gbé e dé Freetown. Èdè Aku ló ń sọ, Ìbíwùmí sì ń gbọ́ ọ dáadáa, nítorí ó sún mọ́ Pìjìnnì ilé. Ó gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n jọ lọ sẹ́yìn ilé, ó sì ń dúpẹ́ pé ayò inú àgbàlá Mama ti wo òun sàn. Nígbà tí ìyá náà rí kóró oṣè, ó dúró.

“Ta ló sọ fún ọ pé ayò ni?” Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an.

Ó ṣàlàyé fún un pé ní ilé tiwọn, ihò kan ni fún òkú kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ń bu oúnjẹ àti omi sí lọ́jọ́ àwùjọ, láti ayé ìyá ìyá òun. Ìbíwùmí kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ó ti fi ibi tí òkú olókùú ti ń jẹun ṣeré. Mama Julia ní kó dìde. Ó bi í bóyá wọ́n dá a lóhùn. Nígbà tí Ìbíwùmí mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, kò jọ ìyá náà lójú. Ó ní ọdún mẹ́ta ni òun kò wá, àwọn náà ti dá wà jù, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tí kò fẹ́ràn eré nígbà ayé rẹ̀.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka, ó ń dárúkọ. Papa Eustace nìyí. Angela nìyí. Gerald tí ibà pa ní kékeré nìyí. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ pé mẹ́fà. Ó kọjá sí èkejì, ó dárúkọ márùn-ún, ọ̀pá sì dúró sójú òfuurufú.

“Mọ́kànlá ni wọ́n,” ni ó wí. Ó tún un kà. “Mọ́kànlá ni mo fi sílẹ̀ níbí.”

Ìyẹn ni pé kí Ìbíwùmí tó dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ẹnì kan ti gbẹ́ ìkejìlá, ó ti sọ ọ́ di ayò dè é.

Mama Julia rọra bẹ̀rẹ̀, ó ki ìka bọ ihò kejìlá, ó gbóòórùn rẹ̀. Òórùn òkun ni. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí Ìbíwùmí ti ń sá fún láti ọjọ́ pípẹ́.

“Ọkọ rẹ ńkọ́?”

Ìbíwùmí sọ fún un. Ó sọ ti ọkọ̀ onígi, ó sọ ti ọjọ́ kẹsàn-án. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tán rí. Mama Julia ní ìyá òun ti wí i rí, òun ni kò gbà á gbọ́, pé ẹni tí òkun gbé kì í ní ibi tí yóò jókòó sí, pé bí ilé kan bá ń ṣe àwùjọ létí omi, irú òkú bẹ́ẹ̀ a máa wá jókòó ti àwọn òkú ibẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ. Ó bu ẹ̀wà, dòdò àti àkàrà sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó da omi lé e, ó pe orúkọ. Nígbà tó kan ihò kejìlá, ó na àwo náà sí Ìbíwùmí.

“Èmi kò lè bu ti ẹni yìí,” ni ó wí. “Ìwọ lo lè pè é. Bí o kò bá fẹ́, a ó fi iyẹ̀pẹ̀ dí i, kò sí ẹni tó máa bi ọ́.”

Ìbíwùmí gba àwo. Ó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Bó bá bu oúnjẹ yìí sílẹ̀, ó ti gbà nìyẹn. Kò ní sí ẹni tó ń bọ̀ mọ́, fóònù tó ń fi sábẹ́ ìrọ̀rí á di fóònù lásán. Bó bá dí ihò náà, ó lè máa retí rẹ̀ títí ayé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá bá a ta ayò ní agogo márùn-ún?

Ìgbà náà ni ìpayà dé. Ó mọ ìrìn rẹ̀: ìka kọ́kọ́ kú, èémí ké, ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ó fa èémí, oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin. Ó tú u jáde dé ẹẹ́fà. Ó tún fà á. Kò sá, kò jókòó, kò dìrọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Nǹkan náà gòkè dé ọ̀fun rẹ̀, ó dúró níbẹ̀, ó sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Oyèwọlé,” ni ó wí, “ẹ wá jẹun.”

Ó bu oúnjẹ náà sílẹ̀. Mama Julia gbé omi fún un, ó dà á lé e. Nínú ihò yòókù, omi náà ṣì ń dán lójú ilẹ̀. Ní ti èyí, ó wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbẹ́ ihò náà tó ti ń rin láti ọjọ́ yìí funfun lójú wọn, ó gbẹ, iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya lulẹ̀ bíi ti àwọn tó kù.

Ìbíwùmí jókòó sórí ilẹ̀ lásán. Ó tú gèlè, ó sì fi ọwọ́ tú irun dídì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Mama Julia sì fi ẹsẹ̀ dídùn rẹ̀ jókòó tì í. Ẹkún tó ń sun kò gba èémí rẹ̀. Opó ni, ó sì ti tó oṣù mẹ́tàdínlógún tó ti ń jẹ́ ẹ.