Ibi Márùn-ún Tí Awọ Ẹja Kò Lẹ̀

Mi ò mutí, mi ò sì í ṣe ẹni tó ń rí òjìji tó ń sá. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń fọ egbò nílé ìwòsàn. Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké ń pè mí ní Ìyá Báńdéèjì lẹ́yìn, wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Obìnrin kan ni. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ń gbé ló jóná. Iná jó apá ọ̀tún rẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọmọ ìka. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo kú lọ́jọ́ náà. Ohun tó wà nínú fáìlì nìyẹn, mi ò sì bi í léèrè kọjá bẹ́ẹ̀.

Dókítà ní awọ ẹja la máa lò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ti ha ìpẹ́ rẹ̀ kúrò, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbẹ ẹ́, inú ọ̀rá ló máa ń wá. A ó rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ títí á fi rọ̀, a ó wá tẹ́ ẹ sójú egbò. Ara aláìsàn á máa gbà á díẹ̀díẹ̀, awọ tuntun á sì hù bo ibẹ̀.

"Bí egbò yìí ò bá tètè jinná," dókítà sọ fún mi, "a máa gé apá yẹn ni, Màmá."

Nígbà tí mo gbé awọ náà jáde, obìnrin náà wò ó.

"Ẹja kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ tún fẹ́ dín mi ni?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kàn gbọ̀n ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo tú báńdéèjì. Awọ náà ti lẹ̀ dáadáa, àfi ibi márùn-ún nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́. Mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀kan lódìkejì. Kéékèèké, bí hóró ẹ̀pà. Wọ́n pọ́n, wọ́n tutù, bí egbò àná. Mo ní atẹ́gùn ló wọ abẹ́ rẹ̀. Mo tẹ́ òmíràn.

Lọ́sẹ̀ kejì, ibi márùn-ún yẹn ti jinná. Márùn-ún mìíràn ti là nísàlẹ̀ wọn, ní agbedeméjì apá. Mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀kan lódìkejì.

Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n ti dé ọrùn ọwọ́.

"Màmá, ẹ ò tẹ́ ẹ dáadáa ni," dókítà wí.

Èmi! Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di báńdéèjì! Inú bí mi. Mo gbé ọ̀rá tó mọ́ gaara lé ojú egbò, mo fi báírò tọ ipa rẹ̀, bí a ti máa ń ṣe ká lè mọ̀ bóyá egbò ń kéré sí i. Nígbà tí mo gbé ọ̀rá náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, mo rí i. Ipa ìka ọwọ́ ọmọdé ni. Ọmọdé tó di nǹkan mú.

Fáànù ń yí lókè. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

"Ó ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi," obìnrin náà wí.

"Kí ló ń yọ̀?"

Ìgbà náà ló tó sọ ọ́. Iná ti gba àtẹ̀gùn. Ó gbé ọmọ náà gba ojú fèrèsé, ó nà án sísàlẹ̀ kí àwọn aládùúgbò lè gbà á. Ọmọ náà di apá rẹ̀ mú. Iná ń jó apá náà, kò mì í. Ọmọ ló ń yọ̀, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, dé orí ìka. Àwọn tó ń sáré bọ̀ nísàlẹ̀ kò tíì débẹ̀ nígbà tó bọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má tẹ́ ẹ mọ́. Tó bá kọjá orí ìka, ó máa tún bọ́ nìyẹn."

"Wọ́n á gé apá ẹ, àbúrò mi."

Mo tẹ́ ẹ. Mo ń sunkún, mo ń tẹ́ ẹ.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún, apá ti jinná, àtẹ́lẹwọ́ ti jinná. Orí ìka nìkan ló kù, ojú pupa márùn-ún tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Awọ ẹja tó kẹ́yìn ti rọ̀ nínú abọ́. Obìnrin náà kò bẹ̀ mí mọ́. Ó kàn ń wò mí.

Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ la máa ń di ìka tí iná jó, kí wọ́n má bàa lẹ̀ pọ̀. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun bẹ́ẹ̀. Mo da awọ ẹja nù. Mo ká ìka rẹ̀ mọ́ra, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, mo di ẹ̀ṣẹ́ náà pinpin. Bí mo ti so ó tán, èjìká rẹ̀ lọ sílẹ̀, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé garawa omi.

Ìka náà lẹ̀ pọ̀. Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì, mo ní àṣìṣe ni. Wọ́n mú mi kúrò nídìí egbò, mo wá ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Dókítà fẹ́ la ìka náà, obìnrin náà kọ̀. Dókítà ní kó jẹ́ kí òun gbé ọwọ́ náà sórí tábìlì kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, kò lè gbé e sókè. Ó ní iṣan ló le.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá obìnrin náà lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn tó ń dúró de ọkọ̀. Ara rẹ̀ ti tẹ̀ sápá kan.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́ ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ó ń wúwo sí i ni." Ó wo ẹ̀ṣẹ́ náà. "Ó ń dàgbà. Ẹ̀rù ń bà mí."

Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì bá a gbé apá náà, kó lè sinmi díẹ̀. Ó wúwo lóòótọ́. A dúró bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ fi dé.