Kọfí Tí Tarmo Kò Mu

Ní abúlé wa létí odò yìí, bí wọ́n bá gbé kọfí síwájú rẹ tí o kò mu ún, onílé á gbà pé o ní òun sínú. A lè jókòó títí kọfí á fi tán kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kí èèyàn ti kọ́ọ̀pù sẹ́yìn? Ìjà dé nìyẹn.

Ẹ wá wo bó ṣe rí lára mi lọ́jọ́ tí Tarmo, ọmọ Raili aládùúgbò mi, gba kọ́ọ̀pù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tó gbóòórùn rẹ̀ bí ajá tó rí àlejò, tó sì da gbogbo rẹ̀ sínú síǹkì lójú wa.

"Tarmo, kí ló dé?" ni mo bi í.

"Àǹtí Helka, tiyín ńkọ́? Ṣé kò korò?"

"Kọfí wo ni kì í korò?"

"Tèmi korò ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ń fi nǹkan sí i."

Ó mú àwọ̀n ìpẹja rẹ̀, ó jáde. Raili bú sẹ́kún. Urpo, bàbá ọmọ náà, kọjú sí fèrèsé bíi pé òun ò gbọ́ nǹkan kan. Bí Urpo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bí iná bá ń jó ilé, á kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run ná.

Tarmo kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ wẹ́dà ló lọ kọ́ nílùú ńlá, géńdé tó ń rẹ́rìn-ín ni. Ìgbà tó dé lẹ́ẹ̀rùn yìí la rí i pé kì í sùn mọ́. Ó ní fóònù ń gbọ́ ohun tí òun ń rò lọ́kàn. Ó ní àwọn ará abúlé ń sọ̀rọ̀ òun lẹ́yìn. Kò kúkú parọ́ níbi tọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yìí, torí ní ṣọ́ọ̀bù, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé ìwẹ̀ gbígbóná, ọ̀rọ̀ Tarmo náà ni.

Èyí tó wá ń dẹ́rù bà wá jù ni oúnjẹ. Kò fẹnu kan ohun tí ìyá rẹ̀ bá sè. Ẹja tó bá fúnra rẹ̀ fi àwọ̀n onígi gígùn gbọ́n níbi tí odò ti ń sáré, àti ọ̀dùnkún tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wà, ìyẹn nìkan ló ń jẹ. Kọfí nìkan ló ṣì ń gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó lè gbé láyé níbí láìmu kọfí. Ní báyìí, ó ti ń da ìyẹn náà nù. Ewé ti ń pọ́n lórí igi, òjò dídì ò ní pẹ́ dé. Bí odò bá dì, tí kò sí ẹja láti gbọ́n mọ́, kí ni Tarmo yóò jẹ?

"Mo ti pe ilé ìwòsàn," ni Raili wí bó ṣe ń nu ojú. "Wọ́n ní àwọn máa wá sílé lọ́la. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ ọn wà níbẹ̀. Helka, ìwọ náà máa wá."

"Àwọn wo ló ń bọ̀?"

"Nọ́ọ̀sì kan tó ń rí sí àìsàn ọpọlọ, àti òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ìjọba tó ń bójú tó ìdílé."

Urpo yíjú kúrò ní fèrèsé. "Wẹ́fíà kẹ̀? Nínú ilé tèmi? Wọ́n á kó ọmọ mi sínú mọ́tò, a ò ní rí i mọ́ nìyẹn."

Mi ò bá a jiyàn, nítorí èrò tèmi náà ò yàtọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìjọba kì í ṣàdédé wá mu kọfí nílé ẹni.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n dé. Obìnrin náà ń jẹ́ Kaisu, òun ni òṣìṣẹ́ wẹ́fíà. Ọkùnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ń jẹ́ Ilpo. Wọn ò tíì bọ́ọ́lẹ̀ tán tí Urpo fi gun katakata rẹ̀, tó wà á wá dí ẹ̀yìn mọ́tò wọn pinpin. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó jù ú sápò.

Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtì igi ìdáná nígbà tí mo rí Raili tó fa Kaisu lápá sí kọ̀rọ̀ ilé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín kí Tarmo má gbọ́."

"Ìyá Tarmo, kí ẹ tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi," ni Kaisu dáhùn. "A kì í sọ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣàìsàn lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́ fún mi níbí, mi ò ní lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bó bá jẹ́ ohun tó kan ara ọmọ yín, iwájú òun náà ló máa dé. Ṣé ó kan ara yín ni, àbí ẹnì kan ń fìyà jẹ yín nínú ilé?"

"Rárá o. Kò sẹ́ni tó ń fìyà jẹ mí."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kó di iwájú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń sọ ọ́, a máa wà pẹ̀lú yín."

Raili gbà. Inú mi ò dùn rárá. Kí ni Raili ń fi pa mọ́ fún mi, èmi tí a jọ ń mu kọfí láti ìgbà tí a ti jẹ́ ìyàwó tuntun? Obìnrin wẹ́fíà yìí ńkọ́, irú òṣìṣẹ́ wo ni kì í fẹ́ gbọ́ àṣírí? Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Kí a tó wọlé, Tarmo ti yọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ń wò wá láti ojú fèrèsé.

"Ẹ rí i? Ẹ ò tíì jókòó, ẹ ti ń sọ̀rọ̀ mi!"

Mo rò pé Kaisu á ní, "Rárá o, ojú ọjọ́ là ń sọ." Ohun tí èmi ì bá sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n obìnrin náà wò ó lójú.

"Òótọ́ ni, Tarmo. Ìyá rẹ fẹ́ sọ nǹkan kan fún mi tí kò fẹ́ kí o gbọ́. Mo ní kó dúró di ìgbà tí ìwọ náà bá wà níbẹ̀. Kò tíì sọ nǹkan kan."

Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti dá a lóhùn báyẹn. Tarmo yà fún wọn, wọ́n wọlé.

A jókòó yí tábìlì ilé ìdáná ká. Kaisu sọ orúkọ wọn àti ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní ohunkóhun tí àwọn bá kọ sílẹ̀ nípa Tarmo, Tarmo lè kà á. Ó ní bí àwọn bá rí i pé ẹ̀mí ẹnì kan wà nínú ewu, àwọn ò ní lè pa á mọ́, ṣùgbọ́n àwa tí a wà ní tábìlì la máa kọ́kọ́ gbọ́.

"Mọ́tò yín ò lè jáde," ni Urpo wí. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tó sọ lójọ́ náà nìyẹn.

"A ti rí katakata yín," ni Ilpo dáhùn. "Kò burú. A ò kánjú." Ó yíjú sí Tarmo. "Arákùnrin mi, kí lo fẹ́ kí a sọ lónìí?"

"Kọfí."

"Sọ fún wa. Báwo ló ṣe máa ń rí?"

"Bí mo bá mu ún, ó máa ń korò lẹ́yìn ahọ́n. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ mi á wúwo. Ẹnu mi á gbẹ. Orí mi á dà bí òkúta. Ẹ ní irọ́ ni, ẹ̀yin náà."

"Mi ò tíì ní irọ́ ni. Mo ń gbọ́."

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá ṣe ohun tí mi ò rí rí. Kaisu yí àga rẹ̀ sí Ilpo, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀ níwájú wa, bí ìgbà tí àwa ò sí níbẹ̀.

"Ilpo, nǹkan kan ń wá sí mi lọ́kàn. Gbogbo ilé gbà pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀ kọfí yìí. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni ńkọ́?"

"Ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn. Ẹsẹ̀ wúwo, ẹnu gbẹ, bí oògùn ló ṣe ń dún létí mi. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan bá ṣe é, mo rò pé ẹ̀rù ló bà á, kì í ṣe pé ó burú."

Mo wo Urpo. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, kò sóhun tí kò lè ṣe. Nígbà tí mo gbójú sókè, èmi náà ni Urpo ń wò, èmi àti búrẹ́dì dídùn tí mo gbé wá. Ẹ gbọ́ ná, èmi Helka! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé búrẹ́dì mi padà sílé.

"Èmi ni," ni Raili wí.

Gbogbo wa yíjú sí i.

"Èmi ni, Tarmo. Oògùn oorun tí ìyá bàbá rẹ lò kù kó tó kú ni. Mo máa ń fi ẹ̀yìn ṣíbí rún un sínú kọfí rẹ. O ò sùn, ọmọ mi! Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ lókè àjà, o ń lọ, o ń bọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí o má lọ já sódò. Mo ní bó bá kàn lè sùn, orí rẹ̀ á padà bọ̀ sípò."

Tarmo dìde. Mo rò pé á lù ú. Kò lù ú.

"Ẹ mọ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní wèrè."

"Mo mọ̀," ni Raili wí, omijé ti bò ó lójú. "Dárí jì mí."

Tarmo kọjú sí Ilpo. "Orí mi ò dàrú nìyẹn, àbí?"

"Lórí ọ̀rọ̀ kọfí, òótọ́ lo sọ."

"Fóònù ńkọ́?"

"Ìyẹn ò yé mi. A ó jọ máa sọ ọ́ títí á fi yé wa."

Ilpo wá ṣàlàyé fún Raili láìgbé ohùn sókè. Oògùn tí dókítà kọ fún ẹnì kan, kì í ṣe ti ẹlòmíì. Ó lè pọ̀ jù fún un, ó lè bá nǹkan mìíràn jà nínú ara rẹ̀, ó lè mú kí mímí ẹni tó sùn dáwọ́ dúró. Bí ẹni tó mu ún bá sì jí, ara rẹ̀ ò ní tíì balẹ̀, ojú rẹ̀ ò ní tíì là.

Ìgbà yẹn ni Urpo fọwọ́ gbá tábìlì.

"Ọjọ́ tó yọ̀ lórí pákó!"

Gbogbo àwa ará abúlé rántí. Orí pákó tí a tẹ́ sórí omi tó ń sáré ni Tarmo ti ń fi àwọ̀n gbọ́n ẹja, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Bẹ́líìtì rẹ̀ ni Urpo fi dì í mú. Kọfí ìyá rẹ̀ ló sì mu kó tó jáde lọ́jọ́ náà. Ìyá tó ń bẹ̀rù pé odò á gbé ọmọ òun lọ, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í sí i.

Raili kígbe kan, ó gbé orí lé tábìlì. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo gbàgbé pé mò ń bínú sí i. Ó gbé ìyókù oògùn náà wá, ó kó o fún Ilpo, lójú ọmọ rẹ̀.

Tarmo ò sọ pé òun ti dárí jì í. "Màmá, mi ò tíì lè mu tiyín," ló wí. Ó gbé omi kaná, ó se kọfí fúnra rẹ̀, ó bu fún gbogbo wa. A mu ún. Nígbà tí Urpo jáde lọ wa katakata kúrò lọ́nà, ẹ̀rọ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, òtútù ti mú un. Àwọn àlejò tí kò fẹ́ rí rárá ló bá a tì í.

Wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún wá léraléra, àwọn kan náà, wọn ò fi ẹlòmíì rọ́pò ara wọn. Ara Tarmo ò yá lójijì o. Fóònù yẹn ṣì dà á láàmú fúngbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbà láti máa lo oògùn díẹ̀, èyí tí wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ fún un, tí wọ́n sọ ohun tó lè fà lára fún un, tó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé sẹ́nu.

Ẹ̀yin ará, ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí nìyí. Ẹ má ṣe po oògùn mọ́ oúnjẹ tàbí ohun mímu ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó mọ̀, bó ti wù kí ìfẹ́ yín pọ̀ tó. Oògùn tí òkú bá fi sílẹ̀, ẹ dá a padà sí ilé oògùn. Bí ẹni yín kò bá sùn, tí kò jẹun, tó ń fura sí gbogbo ayé, ẹ tètè pe ilé ìwòsàn, ẹ má dúró de ìgbà tí yóò burú. Bí òṣìṣẹ́ bá dé, ẹ bi í lẹ́nu ta ló máa gbọ́ ohun tí ẹ bá sọ, kí ló máa kọ sílẹ̀, kí ni kò ní lè pa mọ́. Òṣìṣẹ́ gidi kì í bínú sí ìbéèrè yìí. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan nínú ilé ló ń lù yín tàbí tó ń halẹ̀ mọ́ yín, ẹ bá a sọ ọ́ níkọ̀kọ̀, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aláìsàn, ẹ má sọ ọ́ sí kọ̀rọ̀ ilé. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá parọ́ fún ẹni tó ń fura, ẹ ti fi ẹ̀rí lé e lọ́wọ́ nìyẹn.

Odò dì ní tiẹ̀. Ẹja tán. Mo wà nílé wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí Raili ń bu kọfí fún èmi àti Urpo, tó fẹ́ gbé ìkòkò padà sórí iná gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe. Tarmo ti kọ́ọ̀pù rẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ bu tèmi náà."

Raili bu ú, ó da díẹ̀ sórí tábìlì. Ọmọ náà ò gbóòórùn rẹ̀. Ó mu ún.